Ẹsẹ̀ Wíwú Lára Ẹṣin Tí Wọ́n Sé Mọ́lé Nígbà Òtútù

Láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, nígbà tí òjò bá ti sọ pápá ìjẹko di ẹrọ̀fọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù kò sì ju nǹkan bíi wákàtí 8 lọ nínú oṣù Kejìlá, ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ẹṣin a máa kó wọn wọlé láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀, àwọn ẹṣin mìíràn a sì wà nínú ilé tọ̀sán-tòru. Nírú àkókò yìí ni olùtọ́jú ẹṣin máa ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, tí yóò rí i pé ẹsẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ lánàá ti wú láti òkè pátákò títí dé abẹ́ oríkèé, pàápàá jù lọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ẹranko náà ti fara pa, bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ìdúró sójú kan ló fà á.

Láti orúnkún ẹsẹ̀ iwájú àti oríkèé ńlá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wá sí ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ ẹṣin kò ní ẹran tí ń súnkì tí ń nà. Egungun, okùn iṣan, iṣan ẹ̀jẹ̀ àti awọ ló wà níbẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn kiri ara, omi díẹ̀díẹ̀ a máa jò jáde láti inú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tíntìntín, àwọn ọ̀nà tóóró mìíràn sì wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gba omi náà padà sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọ̀nà wọ̀nyí kò ní ọkàn tí yóò máa ti omi wọn gòkè. Ìrìn ẹṣin fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà, nítorí nígbàkúùgbà tí pátákò bá tẹ ilẹ̀, ìwúwo ara a fún iṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá fún kànrìnkàn tó mumi. Ẹṣin tó wà ní pápá kì í yéé rìn bó ti ń jẹko, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n sé mọ́ yàrá tí gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ kò rí ibi rìn, omi náà a sì dúró sísàlẹ̀. Nítorí náà, òtútù gan-an kọ́ ni ọ̀ràn, ìsémọ́lé ni; ẹṣin póòlò tí wọ́n sé mọ́lé ní Èkó tàbí Ìbàdàn, níbi tí òtútù kì í ti mú tó bẹ́ẹ̀, lè ní irú ẹsẹ̀ yìí pẹ̀lú.

Ohun tó yẹ kí olùtọ́jú kọ́kọ́ ṣe ni kí ó fa ẹṣin náà jáde kí ó sì mú un rìn, nítorí ìwú tí ìdúró fà a máa lọ sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹṣin bá ti ń rìn. Lẹ́yìn èyí ló kan pípín ìrìn sí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ dípò ẹ̀ẹ̀kan, àti títú ẹṣin síta fún wákàtí mélòó kan bí ilẹ̀ kò bá tilẹ̀ dára tó bí a ti fẹ́. Omi tútù láti ẹnu rọ́bà, tí wọ́n bá ń dà á sí ẹsẹ̀ náà, a máa ràn án lọ́wọ́ díẹ̀. Báńdéèjì tún wà, tí wọ́n ń dì lé orí òwú kí ó má baà ké ẹran ara. Òwú tí wọ́n mọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí ni Gamgee, èyí tí Joseph Sampson Gamgee, oníṣẹ́ abẹ kan ní Birmingham tí bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà ẹranko, gbé jáde ní 1880 fún egbò ọmọ ènìyàn. Báńdéèjì tó le jù lè pa okùn iṣan lára, nítorí náà a gbọ́dọ̀ dì í kí ó ṣe déédéé, kí a sì máa tú u lójoojúmọ́ láti wo abẹ́ rẹ̀. Ó ń dá omi dúró ni. Kò rọ́pò ìrìn.

Ní ti oúnjẹ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń di ẹ̀bi ru ọkà ju bó ti yẹ lọ. Síbẹ̀, ó tọ́ kí a dín in kù lọ́jọ́ tí ẹṣin kò bá ṣiṣẹ́, kí koríko gbígbẹ sì pọ̀ sí i. Láyé tí ẹṣin ń fa ẹrù nígboro ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí wọ́n fún ní oúnjẹ kíkún tí wọ́n sì sinmi lọ́jọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń bá pẹ̀lú ẹsẹ̀ gbàgìdì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, tí wọ́n fi ń fi òwúrọ̀ náà pe àìsàn ọ̀hún.

Ibi tí ó ti gba ọgbọ́n jù ni mímọ ìyàtọ̀. Ìwú tí ìdúró fà kì í gbóná, kì í dunni, ẹsẹ̀ méjì tàbí mẹ́rin ló sì sábà máa ń mú. Bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ a jìn fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, tó gbóná, tí ẹṣin náà ń tiro tí kò fẹ́ kí a fọwọ́ kàn án, tí ìgbóná ara rẹ̀ sì kọjá ìwọ̀n 38.5 lórí tẹmómítà Sẹ́síọ́ọ̀sì, ó ṣeé ṣe kí kòkòrò àìfojúrí ti wọ awọ rẹ̀. Ojú egbò kékeré ni wọ́n sábà ń gbà wọlé, irú èyí tí ẹrẹ̀ ń dá sí ẹ̀yìn ọrùn ẹsẹ̀ nígbà òjò. Ọ̀kan lára àwọn kòkòrò tí ń fa àrùn ẹrẹ̀ yìí ni Dermatophilus congolensis, tí orúkọ rẹ̀ wá láti Kóńgò, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ lára màlúù ní 1915, tó sì ń yọ màlúù Nàìjíríà lẹ́nu títí dòní. Bí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá sì wú tí ìrìn kò mú un lọ sílẹ̀, tí abẹ́ ikùn náà wú, ọkàn, ẹ̀dọ̀ tàbí àìsàn àkóràn lè wà nídìí rẹ̀. Irú ẹṣin bẹ́ẹ̀, dókítà ẹranko ló yẹ kó rí i lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ẹsẹ̀ tí kòkòrò bá ti ba àwọn ọ̀nà omi inú rẹ̀ jẹ́ lẹ́ẹ̀kan lè máà padà sí bó ti wà mọ́, ó sì rọrùn fún un láti tún wú.