Ṣé O Mọ̀? Sẹ̀gilọlá Ti Wà Ṣáájú Ìwé Fágúnwà

Ṣé o mọ̀ pé ìtàn aṣẹ́wó ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìwé ìtàn-àròsọ àkọ́kọ́ lédè Yorùbá? Lọ́dún 1929, lẹ́tà obìnrin kan, Sẹ̀gilọlá, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Lórí ibùsùn àìsàn ló ti ń ròyìn ayé tó jẹ lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin. Ó ń dárúkọ àdúgbò Èkó, ó ń fi orin ìgbà náà sí i. Àánú rẹ̀ ṣe àwọn òǹkàwé débi pé àwọn kan fowó ránṣẹ́. Àṣé Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ló ń kọ ọ́! Ìtàn náà di ìwé lọ́dún 1930, ọdún mẹ́jọ ṣáájú Ògbójú Ọdẹ, ìwé ìtàn-àròsọ tí Fágúnwà kọ. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ wa gbogbo, láti Èkó dé Ìrèlé-Èkìtì, kà á.