Màlúù Tí Oyún Bàjẹ́ Lára Rẹ̀

Bí oyún bá bàjẹ́ lára màlúù ní gáà kan nítòsí Ìdógùn, àwọn kan á ní ewé burúkú ló jẹ, àwọn mìíràn á ní ìrìn ló pọ̀ jù fún un. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ó bá di màlúù kejì, tó di ìkẹta nínú agbo kan náà, brucellosis ni kí a fura sí.

Kòkòrò àìfojúrí ló ń fà á. David Bruce, dókítà ológun Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ rí i ní Malta ní 1887, lára àwọn sójà tí ibà pa. Ní 1897, Bernhard Bang ní Denmark rí irú rẹ̀ tó ń ba oyún màlúù jẹ́.

Ẹnu ni kòkòrò náà sábà máa ń gbà wọlé, látinú koríko tàbí omi tó ti bàjẹ́. Inú sẹ́ẹ̀lì ara tó yẹ kó pa á gan-an ló máa ń sá sí, bí olè tó lọ gba yàrá ní bárékè ọlọ́pàá. Bí màlúù bá lóyún, ṣúgà kan wà nínú ilé ọmọ rẹ̀ tí kòkòrò yìí fẹ́ràn. Ibẹ̀ ló ti ń bí sí i, tí á ba olóbì jẹ́, tí oúnjẹ kò ní dé ọ̀dọ̀ ọmọ mọ́. Lẹ́yìn oṣù karùn-ún, oyún á bàjẹ́. Òkú ọmọ, olóbì àti omi rẹ̀ á wà lórí koríko, àwọn màlúù yòókù á wá gbóòórùn rẹ̀, wọn á lá a.

Ibi tó ti le jù nìyí: ara màlúù náà á yá. Lọ́pọ̀ ìgbà, oyún tó tẹ̀ lé e á dúró, olówó rẹ̀ á sì rò pé ó ti parí. Kò parí. Kòkòrò ṣì ń bá mílíìkì rẹ̀ jáde, ó ṣì ń bá omi ìbímọ rẹ̀ jáde. Bí wọ́n bá tà á lọ́jà, ó di ti agbo mìíràn, ẹni tó tà á kò sì purọ́ pé ara rẹ̀ le. Orúnkún tó wú àti kórópọ̀n akọ tó wú wà lára àmì rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kì í ní àmì kankan.

Lára ènìyàn, ibà ni: á lọ, á tún padà. Òógùn òru, oríkèé ríro, ẹ̀yìn dídùn. A ó lo oògùn ibà, a ó lo ti táífọ́ọ̀dù, yóò sì tún dé. Doxycycline pẹ̀lú rifampicin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni àwọn dókítà sábà máa ń kọ. Ẹni tó bá dá a dúró nígbà tí ara bá fúyẹ́ ń pè é padà ni.

Ní tèmi, a ń bá wàrà wí láìtọ́ nítorí àrùn yìí. Obìnrin Fúlàní tó ń ṣe é á gbé mílíìkì kaná, á fi omi bọmubọmu sí i, á sè é títí yóò fi dì tí omi rẹ̀ á yà sọ́tọ̀. Ìwọ̀n ooru 63°C fún ìṣẹ́jú 30 tó láti pa kòkòrò náà. Iná wàrà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nónò ló yẹ kí a bi léèrè: ṣé wọ́n se mílíìkì rẹ̀ kó tó kan? Kíkan nìkan kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Ọwọ́ ni mo sì ń bẹ̀rù jù. Alápatà tó la inú màlúù olóyún láìwọ ìbọ̀wọ́, tí omi inú rẹ̀ dà sójú ọgbẹ́ ọ̀bẹ àná. Darandaran tó ki ọwọ́ lásán bọ inú màlúù láti fa ọmọ.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Dókítà ẹran á kán omi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí àwo funfun, á kán oògùn aláwọ̀ pupa sí i, á rò ó pọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin, bó bá ṣù jọ wínníwínní, àrùn ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún ọ̀dọ́ abo màlúù. Èyí tó ṣòro ni ohun tí olówó màlúù máa ṣe lẹ́yìn àyẹ̀wò: ta ló máa pa ẹran tó ṣì ń fún un ní mílíìkì, tí ẹnikẹ́ni kò ní san owó rẹ̀ padà? Ó kéré tán, kó yà á sọ́tọ̀ tí ó bá fẹ́ bí, kó sì ri olóbì mọ́lẹ̀ jìn, tí ajá kò ní hú u jáde gbé lọ sí gáà kejì.