Bàálù Aláìláwakọ̀ àti Àyẹ̀wò Afárá: Láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó

Àwọn àgbà wa ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Àwọn ẹnjiníà tí ń ṣe afárá kò ní bá wọn jiyàn lórí òwe yìí. Bí kọnkéré bá ti lanu ni omi ń wọlé tọ ọ̀pá irin inú rẹ̀ lọ; nígbà tí irin náà bá sì dípẹtà, a wú, a sì fọ́ kọnkéré tí ó bò ó. Ohun tí ó ṣòro ni láti rí ẹnu náà nígbà tí ó ṣì kéré. Iṣẹ́ yìí ni àwọn onímọ̀ ń fi lé bàálù kékeré aláìláwakọ̀ lọ́wọ́, èyí tí a mọ̀ sí dúróònù. N óò gbìyànjú láti ṣàlàyé bí ó ti ń ṣe é, àti ìdí tí fífò lábẹ́ afárá àti láàrin ìlú fi ṣòro ju fífò ní gbalasa òfurufú lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó ṣe àpẹẹrẹ. Odò Ọ̀wẹnà wà láàrin ìlú méjèèjì. Afárá ni ọkọ̀ fi ń kọjá lórí rẹ̀. Bí a bá fẹ́ yẹ abẹ́ irú afárá bẹ́ẹ̀ wò lọ́nà àtijọ́, a óò to igi àti pákó ró bí ìgbà tí bíríkìlà ń kọ́ ilé, tàbí kí a fi okùn so ènìyàn rọ̀. Iṣẹ́ náà léwu, ó sì ń náni lówó. Nítorí náà ni a ṣe máa ń sún un síwájú. Ṣùgbọ́n dúróònù lè ya ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán láàrin ìṣẹ́jú bí 20 sí 30 tí bátìrì rẹ̀ fi ń gbé e. Kọ̀ǹpútà yóò to àwọn àwòrán náà pọ̀ títí wọn yóò fi di àwòrán afárá kan ṣoṣo tí a lè wọn níbùú àti lóròó. Bí a bá padà wá lẹ́yìn ọdún kan, a óò fi tuntun wé ti àtijọ́, a óò sì mọ ibi tí ó ti là sí i. Ẹ̀kọ́ yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa. Láti 1972 ni ilé-ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ni ní ìwọnlẹ̀ láti òfurufú, èyí tí a ń pè ní AFRIGIST nísinsìnyí, ti wà ní Ilé-Ifẹ̀. Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, tí a dá sílẹ̀ ní 1981, sì ní ẹ̀ka ìwọnlẹ̀ tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ dúróònù ní abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin. Bí méjì tí ó wà lẹ́yìn bá yára ju méjì iwájú lọ, yóò tẹ̀ síwájú, yóò sì máa lọ. Ní gbangba, sátẹ́láìtì GPS ni ó ń jẹ́ kí ó mọ ibi tí ó wà. Ṣùgbọ́n lábẹ́ afárá, kọnkéré a dí ọ̀nà mọ́ sátẹ́láìtì, irin a tan kọ́ńpáàsì jẹ, afẹ́fẹ́ tí ń gba àárín òpó a sì máa yí padà lójijì. Nígbà náà ni yóò dàbí ẹni tí iná kú mọ́ lójú nínú yàrá tí kò dé rí. Nítorí èyí ni àwọn olùwádìí fi ń kọ́ ọ láti fi kámẹ́rà tàbí ìtànṣán léṣà mọ bí òpó ti jìnnà sí i tó. Ilé-iṣẹ́ Flyability ní Switzerland gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n fi ohun kan bí àgò adìẹ yí tiwọn ká, kí ó lè forí gbá ògiri láìjábọ́. Iṣẹ́ ìwádìí AEROARMS, tí Yunifásítì Seville ní Sípéènì darí láti 2015 sí 2019, fi apá fún dúróònù kí ó lè fọwọ́ kan páìpù, kí ó sì wọn bí irin rẹ̀ ti nípọn tó.

Ìfọwọ́kàn yìí ṣe pàtàkì, nítorí ojú kì í rí inú. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2018, afárá Morandi ní ìlú Genoa ní Ítálì wó, ènìyàn 43 sì kú. Inú kọnkéré ni okùn irin tí ó gbé afárá náà dúró wà láti 1967. Ibi tí ojú kò tó ni ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ta dúróònù fún ìjọba, tí ó sì ṣèlérí pé afárá kò ní wó mọ́, ẹlẹ́tàn ni.

Ti inú ìlú tún yàtọ̀. Zipline bẹ̀rẹ̀ sí í fi dúróònù gbé ẹ̀jẹ̀ àti oògùn lọ sí ilé-ìwòsàn ní Ghana ní 2019, àti ní ìpínlẹ̀ Kaduna ní 2022. Ilé-ìwòsàn Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn wà ní Oǹdó, ó sì wà ní Àkúrẹ́ pẹ̀lú. Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láàrin wọn. Bí dúróònù bá já sí oko kòkó, ewé ni yóò bà jẹ́. Bí ó bá já sí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, orí ènìyàn ni. Wáyà iná, òpó tẹlifóònù àti òrùlé pọ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀, ìlú náà sì ní pápákọ̀ òfurufú tí kò gbọdọ̀ sún mọ́. Òfin ní kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ NCAA àti lọ́dọ̀ olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ààbò. Ẹni tí yóò wọ agbo-ilé wa a máa kágò. Dúróònù kì í kágò kí ó tó rí ẹni tí ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Bí a kò bá kọ́kọ́ sọ fún àwọn ará àdúgbò, wọn kò ní fẹ́ rí i mọ́, wọn kò sì jẹ̀bi.

Àwòrán tí a kó pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà kò dí ihò kan. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a yan afárá kan ṣoṣo lọ́nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún nígbà tí òjò bá dá, kí a sì kọ ẹni tí yóò tún un ṣe àti ọjọ́ tí yóò tún un ṣe sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Kí a kọ èsì náà ní Yorùbá pẹ̀lú, nítorí àwọn awakọ̀ àti àwọn ìyá ọlọ́jà tí ń gba orí rẹ̀ kọjá ní ẹ̀tọ́ láti mọ bí ó ti rí.