Ilẹ̀ Ẹrọ̀fọ̀ àti Ìlera Ara

Ẹrọ̀fọ̀ ni ilẹ̀ Zion Pepe ní etí òkun Ìlàjẹ, omi kò sì jìnnà sí òkè rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn baba wa ṣe ń ri òpó igi mọ́lẹ̀ jinlẹ̀, kí wọ́n tó kọ́ ilé lé e.

Ṣùgbọ́n bí a bá gbẹ́ ṣáláńgá síbẹ̀, omi a kún un, ìgbẹ́ a sì dàpọ̀ mọ́ omi mímu. Ọ̀nà yìí gan-an ni àrùn onígbáméjì ń gbà wọlé, gẹ́gẹ́ bí Dókítà John Snow ti fi hàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1854.

Ẹ jẹ́ kí a mọ àgbá ìgbẹ́ onísímẹ́ǹtì tí kì í jò, kí ó ga ju ilẹ̀ lọ, kí ó sì ní ìdérí. Ẹ gba omi òjò láti orí òrùlé, kí ẹ sì sè é kí ẹ tó mu ún. Ebè gíga ni kí ẹ gbin ẹ̀fọ́ sí, kí gbòǹgbò rẹ̀ má bàa rà.

Ilẹ̀ kò ní yí ìwà rẹ̀ padà nítorí wa. Àwa ni kí a mọ̀ ọ́n lò.