Ìkọ̀sílẹ̀ ní Benin: ìwé mairie lòfin kọ́kọ́ ń bèèrè

Bí obìnrin kan bá dé iwájú adájọ́, ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Pobè níbi tí àwọn ará Kétu ń gbé ẹjọ́ wọn lọ, tó ní òun ò fẹ́ ọkọ òun mọ́, wọn ò ní kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí ọkọ ṣe. Ìwé ni wọ́n máa bèèrè: acte de mariage.

Òfin ìdílé wa, loi 2002-07 tó jáde ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2004, là á mọ́lẹ̀ ní article 126 pé ìgbéyàwó tí officier d'état civil bá ṣe nìkan ló lágbára lábẹ́ òfin. Ìdána, yìgì, ìbùkún ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ẹ̀ níyì lójú ẹbí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan lẹ ṣe, tribunal ò lè tú ohun tí òfin ò mọ̀ pé wọ́n so. Àwọn àgbà ilé ló máa bá yín parí ẹ̀.

Ti ọmọ yàtọ̀ o. Ọmọ tí bàbá ti jẹ́wọ́ nínú acte de naissance, bàbá gbọ́dọ̀ bọ́ ọ, ìwé ìgbéyàwó wà o, kò sí o. Nídìí ogún náà, ọmọkùnrin ò ju ọmọbìnrin lọ.

Ẹni tó níwèé ní ọ̀nà méjì: kí tọkọtaya jọ fohùn ṣọ̀kan, tàbí kí ẹnì kan fẹ̀sùn kan ẹnì kejì, bí àgbèrè, lílù, tàbí pípa ilé tì. Adájọ́ á kọ́kọ́ gbìyànjú láti parí ìjà náà.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti àwọn ìyàwó sójà. Láti ọdún 2022 tí opération Mirador ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ sójà wà ní Atacora àti Alibori. “Ọkọ mi ti pẹ́ lọ́hùn-ún, ṣé ó ti pa mí tì nìyẹn?” Rárá. Ẹni tí iṣẹ́ ìjọba rán níṣẹ́ ò pa ilé tì. Àmọ́ bí kò bá fi owó oúnjẹ ránṣẹ́, tí kò béèrè ọmọ, ẹjọ́ wà níbẹ̀, torí pé òfin ní kí tọkọtaya jọ gbé ẹrù ilé.

Èyí tó burú jù ni ti ikú. Bí sójà bá kú sẹ́nu iṣẹ́, owó opó ń tọ ẹni tó ní acte de mariage lọ. Obìnrin tó bá a gbé ọdún mẹ́wàá láìsí ìwé, tó sunkún, tó wọ aṣọ ọ̀fọ̀, lè rí owó àwọn ọmọ gbà fún wọn, kó má rí kọ́bọ̀ fún ara ẹ̀. Bí ìyàwó bá sì jẹ́ méjì, ẹyọ kan ni mairie mọ̀: láti ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 2002 ni Cour constitutionnelle ti ní òfin ò gbọ́dọ̀ gba ìkóbìnrinjọ láàyè. Lójú tèmi, ibi tí òfin yìí ti le jù nìyí, torí ìyá ọmọ ni àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jọ ń gbé láìsí ìwé, kò tíì pẹ́ jù. Ọmọ tẹ́ ẹ ti bí ò dí yín lọ́wọ́. Nígbà tí ọkọ bá wálé fún ìsinmi, ẹ mú acte de naissance ẹ̀yin méjèèjì lọ sí mairie, kí wọ́n sọ ìwé tó kù fún yín. Ẹ tètè lọ, torí wọ́n á kọ́kọ́ lẹ ìkéde mọ́ ara ògiri kí wọ́n tó dá ọjọ́.