Ìlà Pupa Lábẹ́ Ọ̀rọ̀: Ohun tí Àwọn Ọmọ Wa Ń Kọ Nídìí Géèmù

Ní sáà kejì ọdún tí ó kọjá, baba kan wá bá mi ní yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wa ní Ìsùadà, ó gbé láàpútọ́ọ̀pù ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Iṣẹ́ káfíńtà ni ó ń ṣe, kò sì fa ọ̀rọ̀ gùn. "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi pa géèmù inú ẹ̀rọ yìí rẹ́. Kí ọmọ yìí lè fi kàwé ni mo ṣe rà á. Géèmù ni ó ń fi í ṣe mọ́jú." Ọmọ náà dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó dorí kodò. Mo ṣí ẹ̀rọ náà. Géèmù wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ náà ṣí sílẹ̀ gbẹ̀yìn kì í ṣe géèmù. Ìwé ni, ìlà 64 tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀, ìlà pupa sì wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ ní ibi mẹ́ta nínú rẹ̀. Mo bẹ baba náà pé kí ó jókòó.

Nítorí rẹ̀, àti nítorí àwọn òbí mìíràn tí wọ́n ti gbé irú ẹjọ́ yìí wá bá mi, ni mo ṣe tọrọ ààyè nínú ìwé ìrántí ọdún yìí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ wa tí ẹ kọ́ ìwé títẹ̀ lórí ẹ̀rọ táípù kò ní ṣàì rántí pé bí ọwọ́ bá ṣi lẹ́tà kan, bébà ni a ó yọ sọnù. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé jọ ọ́, ṣùgbọ́n ó tún yàtọ̀.

Luanti ni orúkọ géèmù tí ó wà nínú ẹ̀rọ ọmọ náà. Minetest ni a mọ̀ ọ́n sí tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà ní ọdún 2024. Perttu Ahola, ọmọ ilẹ̀ Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2010. Ó jọ Minecraft tí ọ̀pọ̀ ọmọ mọ̀: ayé kan tí a fi búlọ́ọ̀kù mọ, tí eléré lè wà, kí ó gbẹ́, kí ó sì kọ́lé sínú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Kò béèrè ẹ̀rọ alágbára, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí a bá ti gbé e sórí ẹ̀rọ, èyí tí kì í ṣe ohun kékeré fún àwa tí a wà níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni pé wọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti kọ àfikún sí i. Àfikún yìí ni àwọn ọmọ ń pè ní mod. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí igi obì, ilé alámọ̀ tàbí iyán wà nínú ayé náà kò ní bẹ ẹnikẹ́ni. Yóò kọ ọ́ fúnra rẹ̀ ní èdè tí ẹ̀rọ gbọ́, tí ń jẹ́ Lua.

Àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta, Roberto Ierusalimschy, Luiz Henrique de Figueiredo àti Waldemar Celes, ni wọ́n ṣẹ̀dá èdè Lua ní ọdún 1993 ní yunifásítì Kátólíìkì tí ó wà ní Rio de Janeiro, ní ilẹ̀ Brazil. "Òṣùpá" ni ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Potogí. Mo máa ń tẹnu mọ́ èyí nínú kíláàsì, nítorí àwọn ọmọ wa rò pé Amẹ́ríkà nìkan ni irú nǹkan báyìí ti ń wá. Lónìí, ẹ̀ka kan nínú èdè yìí ni àwọn ọmọdé káàkiri ayé fi ń kọ géèmù lórí Roblox, òun náà sì ni a fi ń kọ àfikún sí World of Warcraft.

Ẹ jẹ́ kí a wo díẹ̀ nínú ohun tí ọmọ náà kọ. Iyán ni ó fẹ́ fi sínú géèmù:

core.register_craftitem("isuada:iyan", {
    description = "Iyán",
    inventory_image = "iyan.png"
    on_use = core.item_eat(-4),
})

Ìlà kìíní sọ fún géèmù pé ohun tuntun kan ń bọ̀. Èkejì ni orúkọ tí eléré yóò rí. Ẹ̀kẹta ni àwòrán rẹ̀. Ẹ̀kẹrin sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí eléré bá jẹ ẹ́. Ìkarùn-ún pa àkámọ́ dé. Ìwọ̀nba ìlà márùn-ún yìí kò rọ̀ tó bí ó ṣe rí lójú. Ó yẹ kí kọ́mà wà ní òpin ìlà kẹta, kò sì sí níbẹ̀. Nítorí kọ́mà kan ṣoṣo yìí, gbogbo ayé tí ọmọ náà ti kọ́ láti bí oṣù méjì kọ̀ láti ṣí.

Bí a bá fi ìwé lásán kọ ọ́, irú Notepad tí ó máa ń wà nínú gbogbo Windows, ìwé náà kò ní sọ nǹkan kan. Kò mọ̀ bóyá Lua ni a ń kọ tàbí lẹ́tà ìdúpẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ àwọn ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi, mo sì jẹ̀bi rẹ̀. Mo ti rí ọmọbìnrin kan tí ó fi ọjọ́ mẹ́ta wá ọ̀rọ̀ "end" kan tí ó gbàgbé, tí ó pa ìwé rẹ̀ rẹ́ níkẹyìn, tí kò sì padà wá sí yàrá náà mọ́. Èmi kò mọ̀ nígbà náà pé irinṣẹ́ ni ó kù fún un, kì í ṣe ọpọlọ.

Irinṣẹ́ náà ni wọ́n ń pè ní code editor. Ìwé ìkọ̀wé ni, ṣùgbọ́n ìwé tí ó gbọ́ gírámà èdè tí a ń kọ. Bí ọmọ ti ń tẹ lẹ́tà, bẹ́ẹ̀ ni editor ń kà á. Ó ń ya ọ̀rọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀, ó ń fi àwọ̀ kan kun àwọn ọ̀rọ̀ tí èdè náà fi ṣòfin, ó ń fi òmíràn kun ohun tí ó wà láàárín àmì àyọlò, òmíràn fún nọ́ńbà. Bí ọmọ bá gbàgbé láti pa àmì àyọlò dé, gbogbo ìlà náà yóò yí àwọ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá wò ó bí àwọn ọ̀rọ̀ náà ti tò tẹ̀ lé ara wọn. Ó ń ka iye àkámọ́ tí a ṣí, ó sì ń retí kí a pa ọ̀kọ̀ọ̀kan dé. Níbi tí ètò bá ti dàrú, yóò fa ìlà pupa síbẹ̀.

Ìlà pupa náà ní àrékérekè tirẹ̀, kò sì sí ohun tí ó ń da àwọn ọmọ láàmú jù ú lọ. Nínú iyán ọmọ yìí, ìlà kẹta ni àṣìṣe wà, ṣùgbọ́n ìlà kẹrin ni pupa náà fara hàn. Ìdí ni pé Lua gbà kí ọ̀rọ̀ ìlà kan ṣàn wọ inú ìlà kejì. Nígbà tí ó dé òpin ìlà kẹta tí kò rí kọ́mà, ó ń fọkàn sí i pé ọ̀rọ̀ náà yóò parí níwájú. Ìgbà tí ó kan "on_use" ni ó tó kígbe pé: mo ń retí àkámọ́ tí yóò pa ti ìlà kìíní dé, kì í ṣe èyí ni mo bá. Ọmọ tí kò mọ èyí yóò máa pa ìlà kẹrin rẹ́, yóò máa tún un kọ, bẹ́ẹ̀ ni ìlà kẹrin kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo ń kọ́ wọn ni pé kí wọ́n wo ibi tí pupa wà, kí wọ́n sì tún wo ìlà tí ó ṣáájú rẹ̀.

Ọmọ náà fi kọ́mà sí i níṣojú baba rẹ̀. Pupa kan lọ. Ó tún èkejì àti ẹ̀kẹta ṣe, ojú ìwé náà sì mọ́ fónífóní. Ó ṣí géèmù, ayé rẹ̀ ṣí, iyán sì wà nínú àpò eléré. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí baba òun wò ó. Ó jẹ iyán náà, ẹ̀mí eléré dín kù. Ó tún un jẹ, ẹ̀mí tún dín. Nínú Luanti, 20 ni ẹ̀mí eléré tí ara rẹ̀ le. Iyán ọmọ yìí ń gba 4 lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ ẹ́ nígbà márùn-ún, ó ti kú.

Editor kò rí i. Ìwé náà mọ́, kò sí pupa kankan. Mo dákẹ́, nítorí mo fẹ́ mọ ohun tí ọmọ náà yóò ṣe, ṣùgbọ́n baba rẹ̀ ni ó na ìka sí ojú ẹ̀rọ. "Kí ni ilà tí ó wà níwájú 4 yìí ń ṣe níbẹ̀?" Àmì ìyọkúrò ni. Ẹni tí ó ti ń wọn pákó láti ìgbà èwe rẹ̀ kò lè ṣàì rí i. Ọmọ náà ṣàlàyé pé oúnjẹ ni ó ń dín ebi kù, nítorí náà ni òun ṣe kọ ọ́ pé kí ó yọ 4 kúrò. Ìrònú rẹ̀ kò burú. Kò kàn mọ̀ pé ẹ̀mí eléré ni nọ́ńbà náà ń bá ṣe, pé kì í ṣe ebi.

Ẹ̀yin òbí wa, ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́ pé "Olú iṣu jẹ", gbogbo wa mọ̀ pé gírámà rẹ̀ kò tọ̀nà. Bí mo bá kọ ọ́ pé "Iṣu jẹ Olú", gírámà rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Editor ń gbà wá lọ́wọ́ irú àkọ́kọ́. Ìkejì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ ohun tí òun fẹ́ sọ. Àwọn editor kan wà tí wọ́n ń gbìyànjú láti ṣe ju èyí lọ: wọ́n lè kìlọ̀ pé orúkọ kan wà tí a kò ṣẹ̀dá rẹ̀ níbikíbi, irú kí ọwọ́ ṣì kí a sì kọ "regster" dípò "register". Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó mọ̀ pé iyán kì í pa ènìyàn.

Irú àmì kékeré bẹ́ẹ̀ ti ba ohun ńlá jẹ́ rí. Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje, ọdún 1962, Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ òfurufú Mariner 1 sí ìràwọ̀ Venus láti Cape Canaveral. Ó ṣìnà, àwọn aláàbò sì pa á run ní ìṣẹ́jú-àáyá 293 lẹ́yìn tí ó gbéra. Lára ohun tí wọ́n rí nídìí rẹ̀ ni ilà kékeré kan tí ó yẹ kí ó wà lórí lẹ́tà nínú ìṣirò, tí ẹni tí ó da ìṣirò náà kọ fò. Àwa tí a ń kọ Yorùbá kò ní ṣe kàyéfì. Nítorí àmì orí àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà ni ìjọ CMS ṣe pe ìpàdé ní Èkó ní ọdún 1875, kí odidi Bíbélì Yorùbá tó jáde ní 1884.

Àwọn àmì wa yìí kan náà ń fa wàhálà nínú kóòdù, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n ní kùtùkùtù. Lábẹ́ òfin Lua, lẹ́tà A sí Z, nọ́ńbà àti ilà ìsàlẹ̀ nìkan ni a lè fi sọ ohun lórúkọ. Bí ọmọ bá pe nǹkan ní "ọkọ̀" láìfi àmì àyọlò sí i, Lua gan-an yóò kọ̀ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yà rẹ̀ kan, LuaJIT, ń gbà á. Irú òfin kan náà ni Luanti fi de orúkọ ohun inú géèmù, bí ó tilẹ̀ wà láàárín àmì àyọlò; ìdí nìyí tí ẹ fi rí "iyan" lásán ní ìlà kìíní lókè, tí "Iyán" tí ó lámì wà ní ìlà kejì, níbi orúkọ tí eléré yóò rí. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ èyí tí ó máa ń pa kíláàsì mi lẹ́rìn-ín: bí a bá ní kí Lua ka gígùn "ọkọ", 7 ni yóò dáhùn, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan "ọ" gba àyè mẹ́ta nínú ìpamọ́ ẹ̀rọ. Ọ̀gbẹ́ni Anuoluwapo Karounwi tilẹ̀ ti ṣe èdè kọ̀ǹpútà kan tí ó pè ní Yorlang, tí àwọn ọ̀rọ̀ òfin rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Mo fi han àwọn ọmọ, inú wọn dùn gan-an.

Ní ti editor tí ó yẹ ní rírà, kò sí ìkankan, nítorí ọ̀fẹ́ ni àwọn tí ó dára. ZeroBrane Studio ni mo ń fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Lua. Ó fúyẹ́, ó sì ní bọ́tìnì tí ń yẹ gírámà wò láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Visual Studio Code ti ilé-iṣẹ́ Microsoft, tí ó jáde ní 2015, lágbára jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹ ní láti fi íntánẹ́ẹ̀tì gbé àfikún Lua sí i lẹ́ẹ̀kan. Notepad++ ń kun àwọ̀ dáadáa, kì í fúnra rẹ̀ yẹ gírámà Lua wò. Àwọn kan nínú wọn ti ń bá ènìyàn parí ọ̀rọ̀ tàbí kọ odidi ìlà báyìí. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ pa ìyẹn ní ọdún kìíní wọn.

Ìkìlọ̀ kan kù. Bí editor kò ti mọ iyán olóró, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ olè. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, àwọn kan fi kóòdù burúkú sínú àwọn mod Minecraft lórí CurseForge, ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń gbà wọ́n, kí ó lè máa jí ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn tí ó gbé e sórí ẹ̀rọ. Fractureiser ni wọ́n pe kóòdù náà. Gírámà rẹ̀ pé. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ yín gbé mod àjèjì sórí ẹ̀rọ tí ẹ fi ń bá báńkì ṣe.

Àwọn òbí a máa bi mí bóyá owó wà nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ géèmù wà ní Nàìjíríà: Hugo Obi dá Maliyo Games sílẹ̀ ní Èkó ní 2012, Abiola Olaniran tí ó kàwé ní Ifẹ̀ sì dá Gamsole sílẹ̀ ní ọdún kan náà. Èmi kò ní tìtorí èyí ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni.

Baba náà kò pa géèmù rẹ́. Ó ní kí ọmọ náà máa parí iṣẹ́ ilé kí ó tó fọwọ́ kàn án, kí ó sì máa sùn ní agogo mẹ́wàá. Ọmọ náà yọ àmì ìyọkúrò, iyán sì di oúnjẹ. Ní sáà yìí, ààfin Ọlọ́wọ̀ ni ó ń kọ́ sínú ayé rẹ̀, pẹ̀lú àwọn àgbàlá tí àwọn ará Ọ̀wọ̀ ń pè ní ugha. Kóòdù rẹ̀ ti lé ní ìlà 300. Nígbà tí ó gbé e wá ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, pupa wà ní ìlà 212. Mo ní kí ó wo 211.