TÁPÍTÀ, ÌDAJÌ Ọ̀RỌ̀ DÀ?

"Ìwọ ọmọ yìí, èmi sọ̀rọ̀ títí itọ́ gbẹ lẹ́nu mi, ìwọ sọ gbólóhùn méjì péré fún dókítà. Níbo lo kó ìyókù sí?"

Ìyá tó bí ìyá mi ló bi mí bẹ́ẹ̀ nígbà tí à ń ti ọsibítù bọ̀ ní Awa. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ bá mi dá a lóhùn! Dókítà agùnbánirọ̀ tí a bá níbẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá, èmi ni mo ṣe tápítà. Màmá ní inú ń run òun, ẹ̀jẹ̀ sì ń bá ìgbẹ́ òun jáde. Inú rírun nìkan ni mo túmọ̀. Ojú tì mí láti sọ ti ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Ṣé ẹnu ọmọ ló yẹ kí àlejò ti gbọ́ irú ẹ̀ nípa ìyá àgbà ni? Oògùn inú rírun náà ni wọ́n fún wa.

Látìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ àwọn tápítà lẹ́nu. Kì í ṣe ìtìjú nìkan ló ń dí wọn lẹ́nu o. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ ti gùn jù, kí ìparí rẹ̀ tó dé, ìbẹ̀rẹ̀ ti sá kúrò lórí ẹni. Nígbà tí wọ́n ń ṣẹjọ́ àwọn ọ̀gá Násì ní Nuremberg, Jámánì, lọ́dún 1945 sí 1946, iná pupa rúsúrúsú ni wọ́n ń tàn sí ẹni tó bá ń yára sọ̀rọ̀ kó lè rọra. Ta ló ń tan iná fún tápítà kóòtù tiwa?

Òyìnbó fúnra rẹ̀ tún máa ń já ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bí bàbá kan bá ní "ẹ̀gbọ́n mi ló pín ilẹ̀ fún mi," "brother" ni tápítà máa pè é. Ipò àgbà ti jábọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ ohun tí Dáwódù jẹ́ nínú ẹjọ́ ilẹ̀ ẹbí! Bó bá ní "wọ́n wọlé tọ̀ mí wá lóru," àgbàlagbà kan ṣoṣo tó ń bọ̀wọ̀ fún lè ló ń wí. Tí tápítà bá ní "they," ẹnì kan ti di ogunlọ́gọ̀.

Adájọ́ lè jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó gan-an kó gbọ́ gbogbo rẹ̀ ketekete, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ sílẹ̀. Bí ẹjọ́ bá dé kòtẹ́milọ́rùn, ìwé yẹn ni wọ́n ń kà níbẹ̀.

Òótọ́ ni pé abala 36 òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ní tápítà lọ́fẹ̀ẹ́ bí kò bá gbọ́ èdè kóòtù. Ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ Gwonto, lọ́dún 1983, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ti sọ ọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ tápítà kó tètè wí níwájú adájọ́ àkọ́kọ́. Tó bá di kòtẹ́milọ́rùn kó tó ké, ó ṣòro kí igbe rẹ̀ tó wọlé. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé wọ́n gé ọ̀rọ̀ òun? Àfi kó máa kà á bí ti Màmá.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ la padà lọ. Màmá ò lè dá rìn mọ́. Bí mo ṣe ń túmọ̀, ó ń fi ìka ka gbólóhùn mi. Nígbà tí mo kan ti ẹ̀jẹ̀, dókítà ju bírò sílẹ̀, ó ní kí wọ́n wá bẹ́ẹ̀dì fún un kíákíá.